Ṣé kí n fi èdè Ítálì ṣe máínọ̀? Ìdáhùn fún ọmọ Yorùbá kan tó ń kọ́ ẹnjiníà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ẹnjiníà ẹ̀rọ ni mò ń kọ́. Lọ́dún kìíní, mo ṣe kọ́ọ̀sì méjì nínú èdè Ítálì torí wọ́n ní kí kálukú kọ́ èdè òkèèrè kan, ó sì wọ̀ mí lára gan-an. Ó wù mí kí n fi ṣe máínọ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ kejì tó kéré tí a ń ṣe mọ́ ẹ̀kọ́ tí a tìtorí rẹ̀ wọlé. Màmá mi ní kí ni mo fẹ́ fi Ítálì ṣe? Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ kọ́ èdè, kí n kọ́ Faransé tí wọ́n ń sọ ní Kùtọnu, tàbí Sípáníìṣì tó kún ìgboro níbí. Ẹ̀rù tún ń bà wọ́n pé ó lè fi ọdún kan kún iye ọdún tí màá lò. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìsapá. Bá mi kí màmá rẹ dáadáa. Ẹni tó ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà láyé ìsinsìnyí, ó tọ́ kó béèrè ohun tí owó náà ń rà, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìbéèrè wọn mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, kí o ṣe é, àmọ́ kí o ṣe é débi tí wàá fi lè bá ará Ítálì jiyàn nídìí oúnjẹ, tí wàá sì lè ka ìwé ìròyìn wọn láìbẹ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ orúkọ máínọ̀ lórí ìwé ẹ̀rí nìkan lo fẹ́, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ kan bá fi èdè náà kí ọ ni gbogbo rẹ̀ á hàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àkókò kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń ba màmá lẹ́rù. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà, máínọ̀ èdè Ítálì kì í ju kírédíìtì bíi 15 sí 21 lọ, ìyẹn kọ́ọ̀sì márùn-ún sí méje. Kọ́ọ̀sì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, irú méjì tó o ti ṣe yẹn, kì í sábà sí nínú òǹkà. Wọ́n kàn gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà ni. Ohun tó kù ni ìpele agbedeméjì, lẹ́yìn náà ìjíròrò àti àròkọ, lẹ́yìn náà lítíréṣọ̀, sinimá tàbí ìtàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà náà sì ní kọ́ọ̀sì ìtàn àti àṣà tó pọn dandan kí ẹ ṣe kí wọ́n tó fún yín ní dìgírì. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kọ́ọ̀sì kan náà lè dúró fún èyí tó pọn dandan yẹn, kó sì tún wọ inú máínọ̀. Lọ bá olùdámọ̀ràn rẹ, kí o sì jẹ́ kó kọ ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí ímeèlì, torí olùdámọ̀ràn máa ń yí padà, ìwé kì í yí padà.

Ohun tó lè dá ọ dúró fún ọdún kan wà lọ́dọ̀ ẹnjiníà fúnra rẹ̀. Àwọn kọ́ọ̀sì yín kan wà tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún, tí ọ̀kan sì so mọ́ ìkejì bíi ṣéènì. Bí o bá lọ sí Ítálì fún sáà kan gbáko tó o sì pàdánù ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn ni ọdún tí màmá ń bẹ̀rù. Nítorí náà, àsìkò ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn ni kí o fi lọ.

Ó wá ku ìṣirò kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe. Kọ́ọ̀sì oníkírédíìtì mẹ́ta kò fún ọ ju nǹkan bíi wákàtí 45 lọ nínú kílààsì. Tó o bá ka méjì tó o ti ṣe mọ́ mẹ́fà tó kù, gbogbo rẹ̀ kò tó wákàtí 400. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ lédè ka Ítálì mọ́ àwọn èdè tó rọrùn jù fún ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ nǹkan bíi wákàtí 600 ni wọ́n ń lò ní kílààsì kí ènìyàn tó lè fi ṣiṣẹ́. Máínọ̀ nìkan kò lè gbé ọ débẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ èyí fún àwọn ọmọ. Wákàtí tó kù, ìwọ fúnra rẹ ni wàá wá a: nínú ìrìn-àjò, nínú rédíò, nínú kíkàwé sókè nínú yàrá rẹ.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣọ́ra fún àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Ítálì ló ní wọn: sinimá Ítálì, oúnjẹ Ítálì, ìtàn àwọn ará Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ wá láti Ítálì. Wọ́n dùn, àwọn tó ń kọ́ wọn sì mọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta nínú mẹ́fà rẹ bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, o ti gé ìdajì àǹfààní rẹ dànù pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ. Mú ẹyọ kan, kí ìyókù jẹ́ èyí tí wọ́n fi Ítálì kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì rẹ lè rẹlẹ̀ díẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti tẹ́tí sí mi jù lọ ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìwọ tó o gbọ́ Yorùbá láti ilé, o ti mú nǹkan kan wọ kílààsì yẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kò ní. Fáwẹ̀lì àìránmúpè wa méje ni: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Méje yìí náà ni fáwẹ̀lì Ítálì àjùmọ̀lò. Ojú ìwé kì í fi í hàn, torí lẹ́tà márùn-ún péré ni wọ́n fi ń kọ wọ́n, ìparí ọ̀rọ̀ nìkan sì ni wọ́n ti sábà máa ń fi àmì sí i. Wo perché: e inú “ewé” ló parí rẹ̀. Wo caffè: ẹ inú “ẹsẹ̀” ni. Però, ọ inú “ọmọ” ni. Láàárín ọ̀rọ̀, kò sí àmì kankan, àfi kí etí rẹ mọ̀ ọ́n. Pesca tó jẹ́ ẹja pípa, e ni. Pesca tó jẹ́ èso, ẹ ni. Venti tó jẹ́ ogún, e ni. Venti tó jẹ́ ẹ̀fúùfù, ẹ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tí kò gbọ́ èdè mìíràn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ lè lo ọdún mẹ́rin láìgbọ́ ìyàtọ̀ yìí rárá. Ìwọ á gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Gba bírò, kí o fi àmì ìsàlẹ̀ tiwa sábẹ́ e àti o nínú ìwé rẹ níbi tó bá yẹ. Ìwé atúmọ̀ èdè tó dára á sọ èyí tó jẹ́ fún ọ. (Gbogbo ará Ítálì kọ́ ló ń tẹ̀ lé e o, ní Milano àti ní Sicily, bí wọ́n ṣe ń pè é yàtọ̀, nítorí náà bí o bá ṣì í, kò sẹ́ni tí yóò bá ọ jà.)

Ọ̀rọ̀ Ítálì tún sábà máa ń parí sí fáwẹ̀lì bíi tiwa, ìyẹn náà ń ran ahọ́n lọ́wọ́. Ibi tí ahọ́n Yorùbá ti ń kọsẹ̀ ni kọ́ńsónáǹtì onílọ̀ọ́po méjì, torí a ò ní irú rẹ̀. Nono ni ìkẹsàn-án, nonno ni bàbá àgbà. Sete ni òùngbẹ, sette ni méje. Bí o bá fẹ́ sọ iye ọdún rẹ tó o sì pe n kan péré nínú anni, ihò ìdí lo dárúkọ yẹn, gbogbo tábìlì á sì gbọ́ ọ. Ọ̀nà àbáyọ ni kí o dúró lórí kọ́ńsónáǹtì náà díẹ̀, bí ẹni fẹ́ rántí nǹkan, kí o tó tú u sílẹ̀ sínú fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e. Ṣe é sókè, ṣe é lójoojúmọ́, kí o gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ lórí fóònù kí o sì tẹ́tí sí i.

Gírámà á fún ọ níṣẹ́ ju ohùn lọ. “Lọ” wa kì í yí padà: mo lọ, o lọ, a lọ, wọ́n lọ. Tiwọn: vado, vai, va, andiamo, andate, vanno. “Ó” wa kò béèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Níbẹ̀, àga pàápàá ní tirẹ̀, àwọn tó sì ń tan ènìyàn jẹ wà níbẹ̀: la mano parí sí o, abo ni, il problema parí sí a, akọ ni. Má ṣe kọ́ orúkọ nǹkan kan lásán láéláé. Kọ́ ọ pẹ̀lú il tàbí la tó wà níwájú rẹ̀, kí méjèèjì jọ wọ orí rẹ. Nígbà tó o bá dé ibi ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń pè ní congiuntivo, èyí tí wọ́n fi ń sọ ohun tí a rò, tí a fẹ́, tàbí tí a ń bẹ̀rù, má sá. Ìpele kẹta ló ti sábà máa ń wáyé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi máínọ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ wà pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń rí i pé ọmọ tí wọ́n tọ́ ní ilé Yorùbá ń tàn. Tu ni fún ọ̀rẹ́, ẹbí àti ọmọdé. Lei ni fún olùkọ́, òṣìṣẹ́ ilé ìjọba, onílé, àti àgbàlagbà tó o kò mọ̀. Àwa ń lo ọ̀pọ̀, “ẹ”, láti bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Àwọn ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe ẹni kẹta, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní gúúsù Ítálì, o ṣì lè bá àwọn tó ń lo voi fún àgbàlagbà, ìyẹn ọ̀pọ̀, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà á wọ ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n á ní “Ciao!” Ìwọ mọ̀ pé a kì í sọ “Báwo ni?” fún ẹni tó tó bàbá ẹni. Buongiorno ni kí o kí i, scusi ni kí o fi tọrọ àforíjì, má sọ scusa. Bí o bá ṣe èyí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ níwájú akọ̀wé yunifásítì ní Perugia tàbí Siena, wàá rí i bí ojú rẹ̀ á ṣe tújú ká.

Màmá rò pé oúnjẹ àti ilé àtijọ́ ni gbogbo àṣà Ítálì. Sọ ìtàn èdè náà fún wọn. Lọ́dún 1861 tí wọ́n so Ítálì pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ ló ń sọ ohun tí à ń pè ní Ítálì lónìí. Ará Napoli ń sọ ti Napoli, ará Sicily ń sọ tiwọn, ará Venezia ń sọ tiwọn, òmíràn ò sì gbọ́ ti èkejì. Èyí tí wọ́n fi ṣe ti gbogbogbòò wá láti inú èdè Firenze, ìlú tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Florence. Èdè yìí ni Dante fi kọ ewì rẹ̀ ńlá, orí 100 gbáko, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé rẹ̀ ń kọ Látìn. Wọ́n ti lé e kúrò ní Firenze lọ́dún 1302, kò sì padà síbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní Ravenna ní 1321. Àwọn tó lé e jáde ti di ẹni ìgbàgbé, èdè ìlú tí wọ́n lé e kúrò nínú rẹ̀ sì ni gbogbo Ítálì ń kọ lónìí.

Ta ló tún yẹ kó lóye èyí ju ọmọ Yorùbá lọ? Ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì, ará Oǹdó, ará Ìkálẹ̀, kálukú ló ní ohùn tí màmá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Yorùbá inú ìwé tó so wá pọ̀ ṣẹ̀ lára èdè Ọ̀yọ́ àti iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní Ítálì, ilé-ìwé, iṣẹ́ ológun àti tẹlifíṣọ̀n ló parí iṣẹ́ náà. Tẹlifíṣọ̀n RAI bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Láti 1960 sí 1968, tíṣà kan tó ń jẹ́ Alberto Manzi máa ń dúró lórí ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ìwé ńlá àti èédú lọ́wọ́, ó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé ní lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí o wá a wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń pe ọ̀rọ̀ ketekete, kò sì sí olùkọ́ tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó wà ní ìpele rẹ.

Èyí ló tún jẹ́ kí o lóye àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tí bàbá àgbà wọn wá láti Ítálì. Láàárín 1880 sí 1924, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn tó ti Ítálì wọ Amẹ́ríkà, gúúsù sì ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Èdè abúlé wọn ni wọ́n gbé sọdá òkun. Bí ọmọ-ọmọ wọn bá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú ìwé, má rò pé ó ṣì í sọ. Ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ èdè yìí fúnra rẹ̀ gbà dé kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà náà kò gún régé: ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Ítálì àkọ́kọ́ ní Columbia College, New York, lọ́dún 1825, ni Lorenzo Da Ponte, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orin fún ọ̀pẹ́rà mẹ́ta tí Mozart ṣe. Kó tó rí ipò yẹn, ó ti ta ọjà oúnjẹ ní Amẹ́ríkà láti fi bọ́ ẹbí rẹ̀.

Má jẹ́ kí wọ́n fo Áfíríkà kọjá nínú ẹ̀kọ́ rẹ. Ítálì náà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa: Eritrea, apá kan Somalia, àti Libya láti 1911. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1896, àwọn ọmọ ogun Ethiopia lábẹ́ Menelik Kejì ṣẹ́ wọn ní Adwa, ìròyìn náà sì mi gbogbo ayé. Mussolini, apàṣẹwàá Ítálì, tún padà lọ gbógun ti Ethiopia ní oṣù kẹwàá 1935, wọ́n sì da gáàsì olóró lé àwọn ènìyàn lórí. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ èdè kì í sọ ìdajì èyí. Bí wọ́n bá ní kí o mú àkòrí fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, mú èyí, kí o sì ka ohun tí àwọn òǹkọ̀wé tí òbí wọn wá láti Somalia àti Ethiopia ń fi èdè Ítálì kọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lónìí náà wà. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 1992, ọmọ tí àwọn àjèjì bá bí sí Ítálì ní láti gbé ibẹ̀ láìkúrò títí yóò fi pé ọdún 18 kó tó lè bèèrè fún ìwé ọmọ ìlú. Ní oṣù kẹfà 2025, wọ́n dìbò láti dín iye ọdún tí àgbà àjèjì ní láti lò kù, láti mẹ́wàá sí márùn-ún. Àwọn tó dìbò kò tó ìdajì, ọ̀rọ̀ náà sì forí ṣánpọ́n. Ó lé ní 100,000 ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ibẹ̀, púpọ̀ nínú wọn láti Ẹdó. Paola Egonu, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n bí sí Cittadella ní 1998, wà lára àwọn tó gba wúrà Òlíńpíìkì 2024 fún Ítálì nínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá orí àwọ̀n. Síbẹ̀, ní 2022, ó sunkún níwájú kámẹ́rà torí àwọn tó ń bi í bóyá ọmọ Ítálì ni. Ohun tó jẹ́ àṣà Ítálì lóde òní nìyí, kò sì sí kílààsì kan tó yẹ kó gbójú fò ó.

Bí o bá ń wá ohun tó kan ilé wa gbọ̀ngbọ̀n, ronú nípa iyùn. Torre del Greco, ìlú kan lẹ́bàá Napoli, ní ẹsẹ̀ òkè Vesuvius, ni wọ́n ti ń gé iyùn, tí wọ́n ń lu ú, tí wọ́n sì ń dán an láti ìgbà pípẹ́. Ilé iṣẹ́ iyùn àkọ́kọ́ gba àṣẹ ọba níbẹ̀ ní 1805, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iyùn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1878. Àwọn oníṣòwò Nàìjíríà ti ń ra iyùn wọn ọjọ́ pẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Ítálì, tó tún mọ ohun tí iyùn jẹ́ lọ́rùn ọba àti lọ́rùn ìyàwó ojú ọ̀nà, lè kọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ kò rí rí. Ìwọ ló yẹ kó kọ ọ́.

Ká wá padà sórí owó, torí màmá kò tíì gbàgbé. Má fi Ítálì wé Sípáníìṣì ní Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ní ọsibítù tàbí ní ọ́fíìsì ní Texas lo ń wá, Sípáníìṣì ló máa tètè sanwó. Bó bá jẹ́ òwò láàárín Èkó, Kùtọnu àti Lomé ló wà lọ́kàn rẹ, Faransé ni. Òótọ́ ni màmá sọ. Àmọ́ ẹnjiníà ẹ̀rọ ni ọ́, ìyẹn ló sì yí ọ̀rọ̀ náà padà. Àgbègbè Emilia-Romagna kún fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ: ní Bologna àti agbègbè rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń di oúnjẹ àti oògùn sínú páálí, ní Imola àti Sassuolo, ẹ̀rọ àti táìlì, Ferrari ní Maranello, Ducati ní Bologna. Ẹbí ló ni púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ àgbègbè náà. Wọ́n lè fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàdé pẹ̀lú oníbàárà, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ tí àwọn mẹ́ta sì tẹ̀ba lé e lórí, Ítálì ni wọ́n á fi bá ara wọn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹnjiníà tó gbọ́ ọ kò ní dúró de ògbufọ̀.

Bí o bá fẹ́ lọ ṣe máásítà, Politecnico di Torino (1859) àti Politecnico di Milano (1863) ní ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, owó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba níbẹ̀ sì ń tẹ̀ lé bí agbára ẹbí bá ṣe mọ, ó kéré púpọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí Milano fẹ́ sọ gbogbo máásítà di Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùkọ́ kan gbé e lọ sí kóòtù, ní 2017 ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí òfin orílẹ̀-èdè sì ní wọn kò gbọ́dọ̀ ti èdè Ítálì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí ìdájọ́ yẹn. Ó sì wù mí kí ẹnì kan ṣe irú rẹ̀ fún èdè tiwa.

Fún ìrìn-àjò, wo ètò ilé-ẹ̀kọ́ rẹ àti ti Yunifásítì Àwọn Àjèjì ní Perugia tàbí ní Siena, kí o fi owó wọn wéra. Àwọn méjèèjì kọ́lé wọn lé ọmọ òkèèrè, ìlú kékeré ni wọ́n, kò sì sí èrò Amẹ́ríkà tó pọ̀ bíi ti Firenze tí yóò máa fi Gẹ̀ẹ́sì tì ọ́. Bí ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà lo ní, o lè lò tó 90 ọjọ́ láìgba físà. Bí ti Nàìjíríà ni, bẹ̀rẹ̀ físà Schengen ní kùtùkùtù, kí o sì bi ọ́fíìsì ọmọ òkèèrè ní yunifásítì rẹ bí wàá ṣe padà wọ Amẹ́ríkà. Bí o bá máa ju 90 ọjọ́ lọ, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ tó o bá débẹ̀ ni kí o ti bèèrè fún permesso di soggiorno, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọmọ Amẹ́ríkà ni ọ́ tó o sì ń gba Pell Grant, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ ẹbí rẹ̀ kò tó, ètò Gilman tó ń ran irú wọn lọ́wọ́ láti kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun lè fún ọ ní tó 5,000 dọ́là. Má fi àkókò ṣòfò lórí Boren, ètò ìrànwọ́ mìíràn fún kíkọ́ èdè lókè òkun, wọn kì í rán ènìyàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù.

Lẹ́yìn ìrìn-àjò, ṣe ìdánwò kan tí Ítálì fúnra rẹ̀ mọ̀: CILS ti Siena, CELI ti Perugia, tàbí PLIDA ti ẹgbẹ́ Dante Alighieri. Ìpele B2, ìkẹrin nínú ìpele mẹ́fà tí wọ́n fi ń wọn èdè ní Yúróòpù láti A1 dé C2, ni kí o fojú sùn, torí òun ni yunifásítì tó ń fi Ítálì kọ́ni máa ń béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe máínọ̀ láìkúrò nílé sábà máa ń dúró sí B1.

Ní báyìí, mú bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 2024, ní Dublin, Ademola Lookman, ọmọ Yorùbá bíi tìrẹ, gbá góòlù mẹ́ta wọ àwọ̀n Bayer Leverkusen, Atalanta ti Bergamo sì gba ife Europa League. Wá ohun tí ìwé ìròyìn eré ìdárayá Ítálì kọ lọ́jọ́ kejì. O ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó o kò mọ̀ á máa túmọ̀ ara wọn fún ọ. Kà á sókè, kí o dúró lórí gbogbo kọ́ńsónáǹtì onílọ̀ọ́po méjì, kí o fi àmì sábẹ́ e àti o. Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gba ìwé tí wọ́n to kọ́ọ̀sì ẹnjiníà rẹ sí, kí o fi pẹ́ńsù pupa yí àwọn tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún po, kí o sì gbé e lọ bá olùdámọ̀ràn pẹ̀lú orúkọ kọ́ọ̀sì Ítálì mẹ́fà tó o fẹ́. Bí méjèèjì bá bá ara wọn mu, gbé ìwé náà sórí tábìlì níwájú màmá, kí o ṣàlàyé fún wọn ohun tí wàá ṣe ní ọdún kọ̀ọ̀kan.